Ta Ló Jókòó Lápá Òsì? Fọ́tò, Àgbà àti Ìtàn Ìgbé Ayé Wa ní Lomé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sí ìlà iwájú, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ yín ní Lomé yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àjọ̀dún yín, wọ́n ní kí n fúnra mi mú ohun tí mo bá fẹ́ sọ. N kò rò ó jìnnà. Fọ́tò kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ọdún tí ìyá mi ti kú. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìyá mi wà láàárín, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Obìnrin kan jókòó lápá òsì rẹ̀. Ẹnì kẹta dúró lẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ kan lé ìyá mi léjìká. Aṣọ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ró. Ẹnì kan ti fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn pé: Lomé, 1961.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi ta aṣọ ní ìlú yìí kó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni fọ́tò náà ti wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, n kò sì bi í léèrè rí. Ọjọ́ tí a ń múra ìsìnkú rẹ̀ ni àbúrò mi sọ ọ́ kalẹ̀, ó nu eruku ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jókòó lápá òsì yìí?" Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Ẹni tó lè dáhùn ti wà nínú pósí.

Ìbéèrè àbúrò mi ni mo sọ di àkọlé ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: fọ́tò tí kò sí àgbà tó lè sọ ìtàn rẹ̀ mọ́ ti di ọmọ òrukàn. Àwọn àgbà tó lè pe àwọn fọ́tò wa lórúkọ ṣì wà láàyè ní Lomé. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí, a kò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ọmọ kan, ojú méjì

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, tó ti pẹ́ nídìí ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti tọ́ka sí i pé ìrántí wà nínú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" fúnra rẹ̀: ohun tí à ń wò láti fi rántí. Ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ rántí lè wo àwòrán títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú rẹ̀ ló máa ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, ó bá àwọn onífọ́tò ibẹ̀ rìn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Lára ohun tó rí ni èyí: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn á yà á, wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á sì yà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí àwọn baba wa ti ń gbẹ́ ère ìbejì ni àwọn onífọ́tò ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbẹ́gilére. Ẹ̀yin aládùúgbò wa, ẹ̀yin Ewe àti Mina, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín, nítorí ẹ̀yin náà ń tọ́jú ère tí ẹ̀ ń pè ní venavi.

Nísinsìnyí, ẹ fojú inú wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ kan lónìí. Á ní, "Ọmọ méjì ló wà níbí." Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹnì kejì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Kò sí kámẹ́rà tó lè sọ ìyẹn fún wa, bó ti wù kó wọ́n tó. Ìyá àgbà tó wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wọ aṣọ fún ọmọ náà nìkan ló lè na ìka sí i, kó ní, "Èyí ni Táíwò. Èyí náà, Táíwò náà ni, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé la fi í ṣe."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ nípa àwọn fọ́tò yẹn ni n kò ti gba ohun tí mo bá rí nínú fọ́tò gbọ́ mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ wá àgbà kan kàn.

Àwọn tó ya Lomé

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Ní 1897 ni àwọn ará Jámánì sọ Lomé di olú ìlú. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi wá tẹ̀dó síbí. Alex Agbaglo Acolatse ni orúkọ rẹ̀. Kedzi ni wọ́n ti bí i ní 1880, ní apá ibi tó di Ghana lónìí. Ó ya fọ́tò lábẹ́ Jámánì, ó yà á lábẹ́ Faransé. Àwọn ìdílé ńlá ìlú yìí jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà tí Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, ó ti pé ẹni 80 ọdún. Ní 1975 ló tó papò dà, ní ẹni ọdún 95.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin yìí ló ya ìlú, òun náà ló tún wá di àgbà ìlú. Orí kan ṣoṣo ni ojú tó wo àwọn èèyàn náà nígbà tí wọ́n jókòó àti ẹnu tó lè dárúkọ wọn wà. Ní 1993, òpìtàn Philippe David kọ ìwé kan nípa rẹ̀ láti fi bu ọlá fún un. Mo yọ̀ sí ìwé náà, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 18 ti kọjá lẹ́yìn ikú baba náà kí ìwé tó dé. Ìbá dùn mọ́ mi nínú púpọ̀ ká ní irú rẹ̀ jáde nígbà tó ṣì lè jókòó ti àpótí fọ́tò rẹ̀, kó máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ pé lágbájá nìyí, ọmọ lágbájá.

Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Érika Nimis, òpìtàn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ náà, tẹ odidi ìwé kan jáde ní 2005 lórí àwọn Yorùbá onífọ́tò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbi tí àwọn ará ilé wa bá ti lọ ṣòwò, onífọ́tò máa ń tẹ̀ lé wọn. Á dá sítúdíò sílẹ̀, á gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ á ṣe fírídọ̀ọ̀mù, òun náà á sì ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Tógò náà rán ọmọ tirẹ̀ jáde: Kpalimé ni wọ́n ti bí Cornelius Azaglo Augustt ní 1924, ṣùgbọ́n Korhogo ní Côte d'Ivoire ló ti ṣiṣẹ́ títí orúkọ rẹ̀ fi dé Yúróòpù. Ó ń yí abúlé ká, ó ń ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ fún àwọn arúgbó. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, fọ́tò kékeré yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n yà láyé wọn.

Nínú gbọ̀ngàn yìí náà, mo mọ̀ pé a rí ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò káàdì baba rẹ̀ ni wọ́n fẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìkéde òkú.

Ọ̀pọ̀ ẹbí tó wà níbí ló gba Ghana wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú káńgárá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ gba Aflao wọ Lomé lọ́dún yẹn, ẹ mọ ohun tí ẹ gbé lérí àti ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Èmi ti bi àwọn díẹ̀ nínú yín. Baba kan sọ fún mi pé òun fi kẹ̀kẹ́ ìránṣọ méjì sílẹ̀ ní Kumasi, ṣùgbọ́n òun yọ fọ́tò ìgbéyàwó kúrò nínú férémù, òun tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fìlà. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká bí ìgbà tí fìlà bá ká. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó bà jẹ́ ni. Ìká yẹn gan-an ni ìtàn ọdún 1969, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó kọ ọ́ sójú fọ́tò náà.

Aṣọ inú fọ́tò

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti màmá àgbà kan ní Anagokomé. Orúkọ àdúgbò yẹn nìkan tó ìtàn: àdúgbò àwọn Ànàgó, ìyẹn àwa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Mina dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ lọ. Mo mú fọ́tò kan nínú álíbọ́ọ̀mù màmá, mo bi í ní ọdún tí wọ́n yà á. Ó ní òun kò mọ̀. Mo tún béèrè, ó ní òun kò mọ ìwé.

Mo dákẹ́. Ó ń wo fọ́tò náà lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tẹ aṣọ tó ró nínú rẹ̀. Ó ní, "Si tu sors, je sors nìyí." Ẹ̀yin ìyá ọjà ti mọ aṣọ tí mò ń sọ, ankárá ẹlẹ́yẹ tó ń fò jáde nínú àgò: bí o bá jáde, èmi náà á jáde. Ó ní ìgbà tí ọkọ òun fẹ́ ìyàwó kejì ni òun rà á, oyún Ṣadé ni òun sì ní lọ́jọ́ tí òun wọ̀ ọ́ lọ sí sítúdíò. Ṣadé, tí í ṣe ìyá ọmọ tó jókòó tì wá, ní ìwé ìbí. A ti rí ọdún náà!

Ọmọ yẹn gbá fọ́tò mú. Ó béèrè ní èdè Mina, ìyá rẹ̀ àgbà dá a lóhùn ní Mina, nígbà tó dé ibi tó dùn, ó bọ́ sí Yorùbá. Màmá rí fọ́tò baba tirẹ̀ lójú ewé kejì. Kò sọ pé "baba mi nìyí." Oríkì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ohùn rẹ̀ yí padà. Fóònù mi wà nílẹ̀, ó ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti tàn án, nítorí bí mo bá ní kó tún un kì lọ́jọ́ kejì, kò lè rí bákan náà.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní Lomé, òwe yẹn ju òwe lọ. Ìlú àwọn Nana Benz nìyí, àwọn ìyá tó mú aṣọ Vlisco, ilé iṣẹ́ Netherlands tó ti wà láti 1846, tí wọ́n sì tà á dé gbogbo agbègbè yìí. Obìnrin ọjà ló ń sọ aṣọ lórúkọ, orúkọ yẹn ló sì ń tà á. Nígbà tí wọ́n já owó CFA sí ìdajì ní oṣù kìíní 1994, òwò náà fọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lórí. Nígbà tó di òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2013, iná jó ilé ńlá ọjà Adawlato. Ẹrù jóná, owó jóná. Ohun tí iná kò lè jó ni èyí tó wà nínú orí àwọn ìyá wọ̀nyí. Bí ẹ bá gbé fọ́tò ẹbí tí kò lọ́jọ́ lórí síwájú ìyá tó ti ta aṣọ fún ogójì ọdún, á wo aṣọ, á wo bí wọ́n ti wé gèlè, á sì sọ ìgbà tí wọ́n yà á fún yín. Kò sí ilé ìkàwé tó ní irú ìmọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò

Báwo la ṣe ń bi àgbà léèrè? Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ìbéèrè ogójì sínú ìwé lọ bá baba kan. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni baba fi dá mi lóhùn, ó sì sùn lọ. Ẹ̀bi náà, tèmi ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kà nípa John Collier, tó bá àwọn ará ìlú kan ní Kánádà ṣèwádìí, tó sì ròyìn ní 1957 pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí fọ́tò bá wà nínú rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń kún fún ohun gidi, kì í sì í tètè rẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò ń gba ojú wa kúrò lára arúgbó náà. Kò dà bíi pé à ń tú u wò mọ́. Òun àti àwa jọ ń wo nǹkan kan ni.

Àwọn kan á ní ìrántí àná tí àgbà ń tún sọ lójoojúmọ́, àsọdùn ọjọ́ ogbó ni. Ní 1963, Robert Butler, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní wíwo ẹ̀yìn wò jẹ́ iṣẹ́ tí ọkàn èèyàn ń ṣe bí ọjọ́ bá ń lọ, láti fi to ìgbé ayé rẹ̀ jọ. Ẹ̀yin ọmọ, bí màmá bá sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ má sọ pé "ẹ ti sọ ọ́ lánàá." Ẹ gbé fọ́tò mìíràn fún un. Ẹnu àgbà lobì í gbó sí.

Àṣẹ wọn náà ṣe pàtàkì. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ya màmá rẹ̀ níbi tó ti ń fẹ́ná, ní àkísà, tó sì gbé e sórí Facebook, nítorí ó "dára lójú." Màmá kò mọ̀. Èyí kò dára. Bí ẹ bá fẹ́ ya àgbà, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì ní sùúrù, nítorí á wọlé lọ múra, á sì pẹ́ níbẹ̀. Á jáde nínú aṣọ tó fẹ́ kí ayé fi rántí òun. Á jókòó gbọnrangandan, á kọjú sí yín, á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Bí ìyá mi ti jókòó ní 1961 nìyẹn. Bí Sprague ti rí àwọn àgbà Ìlá náà nìyẹn. Ìjókòó ẹni tó mọ ipò rẹ̀ ni. Ẹ má gé ẹsẹ̀ wọn kúrò nínú fọ́tò.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Bí àgbà bá dé ibì kan tó pa álíbọ́ọ̀mù dé, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó bá ní kí ẹ pa fóònù, ẹ pa á.

Ẹ fún àwọn àgbà fúnra wọn ní kámẹ́rà pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Caroline Wang àti Mary Ann Burris gbé kámẹ́rà fún àwọn obìnrin oko ní Yunnan, ní Ṣáínà, pé kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rò pé ó ṣe pàtàkì nínú ìgbé ayé wọn. Ohun tí àwọn obìnrin náà yà, àlejò kò ní ronú kàn án. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyá ẹni ọdún 85 ní Bè tàbí Nyékonakpoè á yà bí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí mò ń bẹ ẹgbẹ́ yìí fún

Mo bẹ̀ yín, ẹ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Kí àgbà mú fọ́tò wá, kí ọ̀dọ́ mú fóònù wá. Ẹ má gba fọ́tò lọ. Ẹ yà á níbẹ̀, kí ẹ dá a padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀ ní èdè tó bá fi sọ ọ́, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé tàbí Mina fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún Yorùbá yín ṣe; bí ẹ ti ń sọ ọ́ gan-an ni kó wà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Báírò tí wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn tèmi ti yọ sójú, ó gba àárín aṣọ ìyá mi kọjá. Ẹ fi ẹ̀dà sí ibi méjì, ó kéré tán, nítorí iná ọjà àti omi òjò. Láti 2019 ni Palais de Lomé, ilé tí àwọn gómìnà amúnisìn gbé nígbà kan rí, ti ṣí ilẹ̀kùn fún iṣẹ́ ọnà. N kò rí ìdí tí fọ́tò àwọn ìyá Anagokomé kò fi ní wà lára ògiri ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ohùn wọn máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.



Mo mú fọ́tò ìyá mi wá. Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo sì ti fẹ̀ ẹ́ kí ojú àgbà lè rí i. Bí àwọn obìnrin méjì yẹn bá ṣì wà láàyè, wọn á ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ta aṣọ ní Adawlato ní 1961, tàbí tí ìyá yín tà á níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ jẹun, ẹ dúró níwájú tábìlì náà. Ẹ wo ẹni tó jókòó lápá òsì.